Èèpo Ìwé Tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ Fi Ẹ̀kọ Yà

Ohùn tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ohùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá mi ni. Ilé wa wà ní Ìkòròdú, lójú ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ẹ̀bútè. Yàrá iwájú, níbi tí àwọn ẹlòmíì ń gbé àga àlejò sí, ni bàbá mi gbé ẹ̀rọ yìí sí, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀: gbì-gọ̀, gbì-gọ̀, gbì-gọ̀. Bó bá ṣàdédé dákẹ́, a mọ̀ pé pépà ti há sí i lẹ́nu, èébú sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ilé, ìyá mi á máa lọ ata lórí ọlọ. Bàbá Àgbà, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, kì í pariwo kankan. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á máa tún àwọ̀n tó ya ṣe, bẹ́ẹ̀ wọn kò lọ sódò mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá jókòó lásán ni ikú máa ń tètè rí. Ọdún kan péré ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ nínú ilé yẹn, kì í sì ṣe ọdún tó dára. Ẹni tó bá ń wá ìtàn adùnyùngbà, kó yáa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àwọn tó lè bá mi jiyàn ti kú tán, èmi nìkan ló kù, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tí ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Bàbá mi ti ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan l'Ékòó títí ewú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí wọn. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn, wọ́n á sì fi òdòdó àwọn òyìnbó yí i ká, òdòdó tí kò hù rí nínú oko baba ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó sú wọn. Nígbà tí ọ̀gá wọn fẹ́ ju ògbólógbòó ẹ̀rọ kan nù, bàbá mi gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Ìkòròdú. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni láti ṣe ìwé ìròyìn tiwọn, tí wọ́n á máa pè ní Ojú Ọ̀sà, tí ìtàn àwọn ará etí omi láti Ẹ̀bútè títí dé Ẹ̀pẹ́ yóò kún inú rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ ti mọ ibi tó ti wá kó tó ka lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló kó wa sí wàhálà. Wọ́n fi yíǹkì pa àwọ̀n Bàbá Àgbà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà, ó jáde bí ojú omi nígbà tí afẹ́fẹ́ kékeré bá ń fẹ́. Ó dára gan-an, àmọ́ Bàbá Àgbà bú wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n fi yíǹkì pa ẹní, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi pa ìpẹ́ ẹja, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn aládùúgbò á yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní yíǹkì ti gun bàbá Àṣàkẹ́ lórí. Èmi ni Àṣàkẹ́.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti iṣu ewùrà. Ewùrà rọ̀, ọ̀bẹ ń wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́, bàbá mi sì rí i pé àwọn lè gbẹ́ lẹ́tà ńlá sí i lára kí àwọn fi tẹ àkọlé. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ iṣu tí ìyá mi fẹ́ fi ṣe ìkókóre. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí ń fi oúnjẹ ṣòfò. Bí bàbá mi bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ìyá mi á gba iṣu wọn padà, wọ́n á fi ọ̀bẹ họ yíǹkì kúrò, wọ́n á rin ín, wọ́n á sè é pẹ̀lú ata àti ẹja gbígbẹ. Ìkókóre wa á wá dúdú láwọn ibì kan, ẹnu wa á sì máa rùn bíi kẹrosíìnì. A jẹ ẹ́. Bàbá Àgbà náà jẹ ẹ́, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn á jẹ lẹ́tà kí àwọn tó mọ̀ ọ́n kà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mò ń sọ ọ́ nítorí pé ẹ̀rín wọn kò wọ́pọ̀. Ìbànújẹ́ kan wà lára wọn tí mo bá lára wọn, mo sì rò pé bí gbogbo ìyá ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìbànújẹ́ ọ̀hún ní ìdí. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí ìyá mi, nínú agboolé àwọn mùsùlùmí tí ń ṣòwò lórí ọ̀sà, aláró sì ni ìyá tó bí wọn. Ìyá Ẹ̀pẹ́ là ń pè wọ́n nílé wa, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ dárúkọ wọn. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ti wá ọkọ fún ọmọ wọn ládùúgbò, ọmọ sì sá tẹ̀lé bàbá mi, onígbàgbọ́ tí ń fi yíǹkì nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Láti ọjọ́ náà Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn kò ṣépè, wọn kò ránṣẹ́ èébú. Wọ́n kàn pa ẹnu wọn mọ́. Ìyá mi bí mi, wọn kò wá. Àbúrò mi kú lọ́mọ ọwọ́, wọn kò wá. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ ìyá mi láti ọ̀dọ̀ wọn ni ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹja sí káàkiri. Ìsàlẹ̀ àpótí ni ìyá mi ń tọ́jú rẹ̀ sí, wọn kì í ró o. Ọjọ́ tí bàbá mi bá a níbi tí wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọn ò lè lọ. Wọ́n ní èèpo ẹ̀yìn ìwé ìròyìn àwọn nìyí. Kì í ṣe kí àwọn dà á kọ o. Ọwọ́ ìyá náà gan-an ni kó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èèpo ìwé kan má jọ èkejì. Ìyá mi ní kí wọ́n má dá a láṣà. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ títí, ìyá mi kò gbà, bàbá mi kò sì jáwọ́. Bàbá Àgbà ló bá ìyá mi sọ ọ́ ní sùúrù níkẹyìn. Wọ́n ní ìjà tí ẹnu kò bá lè parí, ìgbà mìíràn wà tí iṣẹ́ ọwọ́ lè parí rẹ̀, pé kí wọ́n gbé pépà lọ bá Ìyá Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n wò ó.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì la wọ̀ ní Ẹ̀bútè, èmi àti ìyá mi, pẹ̀lú pépà líle tí a wé sínú ẹní. Ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀, omi àti òfuurufú jọ ní àwọ̀ eérú kan náà. Ní Ẹ̀pẹ́, òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ pàdé wa, lẹ́yìn náà ni òórùn aró, tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé nǹkan kan ti kú sí àyíká. Àwọn ìkòkò aró wà lọ́gbà, eérú kún ilẹ̀, obìnrin kúkúrú kan sì dúró láàárín wọn, ọwọ́ wọn dúdú títí dé ìgúnpá. Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú eérú, wọ́n ní, “Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ìyá Ẹ̀pẹ́ ń ro aró lọ. Ìyá mi tún kí wọn. Wọ́n ń rò ó lọ. Nígbà tó pẹ́, wọ́n gbójú sókè, èmi ni wọ́n wò. Wọ́n bi mí bóyá ebi ń pa mí, mo ní ó ń pa mí. Wọ́n wá ní:

“Sọ fún ẹni tó mú ọ wá pé orí eérú mi ló kúnlẹ̀ sí.”

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi á sọ̀rọ̀ sí ìyá wọn, ìyá wọn á fún èmi lésì, kí n sọ fún ìyá mi tó jókòó sítòsí débi pé aṣọ wọn ń kan ara. Mo rò pé eré ni, inú mi dùn sí i. Lónìí, bí mo bá rántí rẹ̀, àyà mi máa ń dùn mí. Ìyá mi ṣàlàyé iṣẹ́ tí a bá wá. Ìyá Ẹ̀pẹ́ gba pépà kan, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n fi itọ́ kàn án, wọ́n gbé e sójú oòrùn. Wọ́n bi mí bóyá bàbá mi mọ̀ pé pépà kì í ṣe aṣọ. Mo ní wọ́n mọ̀, pé wọ́n ti tẹ ìwé lára iṣu rí. Ìyá Ẹ̀pẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e mì. Wọ́n jókòó, wọ́n ronú, wọ́n wá sọ ohun tí a kò retí:

“Sọ fún un pé màá ṣe é. Lọ́jọ́ tí ìwé ọ̀hún bá jáde, màá wá sí Ìkòròdú wá fojú ara mi rí i. Màá jókòó nínú ilé rẹ̀, màá sì mu omi rẹ̀.”

Mo yíjú sí ìyá mi láti jíṣẹ́, mo rí i pé wọ́n ti da aṣọ bojú. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ìyá ẹni wọ ilé ẹni kó mu omi níbẹ̀, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìwé ìròyìn kọ́ ni ìyá mi ń bá bàbá mi ṣe mọ́. Ìyá wọn ni wọ́n ń wá.

A gbé ní Ẹ̀pẹ́ títí ọyẹ́ fi lọ. Pépà àkọ́kọ́ tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ rì sínú aró yọ́ síbẹ̀ bí ògì, wọ́n sì fi ọ̀sán ọjọ́ yẹn kùn sí mi létí nítorí ìkòkò wọn. Ni wọ́n bá yí ọwọ́ padà. Wọ́n á fi láfún ro ẹ̀kọ, wọ́n á ti ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, wọ́n á fi ya ẹja, alákàn àti ewé ẹ̀gẹ́ sórí pépà. Bó bá gbẹ, ìyá mi á fi kànrìnkàn pa aró lé e lórí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, a ó sì sá a sórí okùn. Bó bá jẹ́ aṣọ ni, lẹ́yìn aró ni wọ́n ń ha ẹ̀kọ náà kúrò, kí funfun abẹ́ rẹ̀ lè yọ. Pépà kò gba híha. Ó ń ya. A fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí bàbá mi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ láti bèèrè ohun tí a ó ṣe. Èsì tó padà wá, ayọ̀ ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ha á rárá, pé kí a fi ẹ̀kọ sílẹ̀ bó ṣe ga sókè lára ìwé, kí ojú rí i, kí ọwọ́ náà lè kà á, pé kò sí ìwé ìròyìn kankan ní gbogbo Èkó tí ọwọ́ lè kà. Mo jíṣẹ́ náà fún Ìyá Ẹ̀pẹ́. Wọ́n pòṣé.

“Sọ fún un kó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀kọ tí a kò bá ha kúrò, oúnjẹ ni. Ohun gbogbo tó bá ń jẹun nínú ilé ló máa wá a wá.”

Ìyá mi gbọ́ ọ kí n tó yíjú sí wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tí ọlọ́kọ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ ń lọ, pé ara gbogbo wa le, wọn kò fi ìyẹn kún un. Mo rán wọn létí. Wọ́n ní kí n máa mu gàrí mi. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó yé mi. Bí bàbá mi bá gbọ́, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró láti wá ọgbọ́n mìíràn. Bí iṣẹ́ bá dúró, a ó palẹ̀ mọ́, a ó lọ sílé. Ìyá mi sì ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn láti àárọ̀ títí di ìgbà ìrun alásárì, wọ́n ń mú ìyẹ́ adìyẹ lé wọn lọ́wọ́, ìyá wọn sì ń gbà á. Nígbà mìíràn ọwọ́ wọn á kan ara, kò sẹ́ni tó máa fa tirẹ̀ sẹ́yìn. Mi ò dá ìyá mi lẹ́bi. Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn lẹ́bi, kó kọ́kọ́ sọ fún mi bóyá ìyá tirẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí.

Nígbà tí a dé Ìkòròdú, bàbá mi ń tú àwọn èèpo ìwé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pa ojú dé, wọ́n ń fi ìka tọ ẹja kiri. Bàbá Àgbà fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ẹja yìí mà ní eegun. Ṣùgbọ́n inú ìwé kò tíì parí. Lẹ́tà òjé tí bàbá mi ní kò tó nǹkan. Wọ́n á to ojú ìwé méjì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n á tún fi àwọn lẹ́tà kan náà to méjì mìíràn. Òjò sì tètè dé lọ́dún náà. Ó ń rọ̀ lórí páánù láti àárọ̀, gbì-gọ̀ ẹ̀rọ ń dáhùn lábẹ́ rẹ̀, ògiri ń rin, aṣọ kì í gbẹ, gàrí inú igbá dì. A wé àwọn èèpo ìwé sínú ẹní, a gbé wọn sórí àpótí ìyá mi, torí ibẹ̀ nìkan ni òrùlé kò ti jò. Bí òjò bá dá, mo máa ń gbọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láti apá ibẹ̀. Èkúté wo ni kò sí ní Ìkòròdú? Ìyá mi náà gbọ́ ọ. Mo rí i pé wọ́n dúró, wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n sì padà sídìí ọlọ. Mo gbà pé ẹ̀rù ń bà wọ́n láti wò ó.

Nígbà tó ku ojú ìwé kan, bàbá mi ránṣẹ́ sí Ìyá Ẹ̀pẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ránṣẹ́ náà, wọ́n gbé ẹní jáde síta láti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèpo lé ìwé. Wọ́n tú u. Aáyán ló kọ́kọ́ tú jáde, wọ́n sáré gba ẹsẹ̀ wa kọjá, lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ èkúté dà sílẹ̀. Bàbá mi gbé èèpo kan sókè, ìmọ́lẹ̀ sì gba inú rẹ̀ kọjá. Aró kò ní nǹkan tí wọ́n lè jẹ, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kọ nìkan ni wọ́n jẹ, pẹ̀lú pépà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹja wà, ihò tó rí bí ẹja ló kù. Ibi tí ewé ẹ̀gẹ́ wà, ihò ni. Ọ̀pọ̀ ti já pátápátá, wọ́n di jákujàku. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Wọ́n ní, “Wọ́n sọ fún mi. Ìyá mi sọ fún mi, mi ò sọ fún yín.” Bàbá mi tí ń pariwo bí pépà kan ṣoṣo bá há, kò pariwo lọ́jọ́ yẹn. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n wo ìyá mi, wọ́n wo pépà ọwọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn tó ṣì ṣeé mú dání.

Ìyá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ránṣẹ́ kí Ìyá Ẹ̀pẹ́ má wá mọ́. Bàbá Àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu di ẹyin tó bọ́ sílẹ̀, pé obìnrin àgbà náà á ti máa di ẹrù. Ni bàbá mi bá ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nu àwọn èèpo náà, wọ́n gán wọn mọ́ ìwé, ó sì jẹ́ pé bí ènìyàn bá gbé Ojú Ọ̀sà lọ́wọ́, inú ihò ẹja ló ti ń rí ọ̀rọ̀ tó wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo ti rí ìwé ìròyìn láti ìlú púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò rí èyí tó dára tó o. Bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú rẹ̀ l'Ékòó, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nílé wa, kò sẹ́ni tó lè wò ó pẹ́.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ dé pẹ̀lú ìbòrí funfun àti ẹja yíyan nínú apẹ̀rẹ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá Àgbà dìde lórí àpótí ìjókòó wọn. A gbé àga fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ìyá mi sì ti gbé omi sórí àwo, wọ́n kúnlẹ̀, ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn kejì. Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò tíì jókòó nígbà tí wọ́n gba ìwé. Wọ́n ti ìka bọ inú ihò ẹja kan, wọ́n ṣí i, wọ́n rí ìka ara wọn ní òdìkejì. Èmi ti sún mọ́ wọn, mo ti múra láti gba iṣẹ́ bí mo ṣe máa ń gbà á. Wọn kò wò mí.

“Sẹ̀nábù,” wọ́n ní.

Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ìyá Àṣàkẹ́ ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ìyá mi gbójú sókè lójú ẹsẹ̀, bí ọmọdé.

“Bí o ṣe máa ń ṣe nìyẹn. A ó sọ fún ọ, o ò ní gbọ́.”

Wọ́n gbé ìwé náà sórí ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí bàbá mi bá àwọn wá ọkọ̀, àwọn ń padà lọ. Wọn kò jókòó, wọn kò sì mu omi. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ títí ẹsẹ̀ wọn fi kú, èmi àti Bàbá Àgbà la gbé wọn dìde.

Bàbá mi kò tẹ Ojú Ọ̀sà kejì. Ìwé ètò ìsìnkú ni wọ́n padà sí, pẹ̀lú òdòdó àwọn òyìnbó yípo rẹ̀. Ìyá Ẹ̀pẹ́ kú kí ọyẹ́ tó tún dé. Bí àwọn mùsùlùmí ṣe ń ṣe, wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ náà, ẹnu obìnrin ẹlẹ́ja kan la sì ti gbọ́ nígbà tí ilẹ̀ ti bò wọ́n. Ìyá mi gbé ìró àdìrẹ wọn jáde, wọ́n ró o, wọ́n sì wọ̀ ọ́ títí ó fi gbó.

Nígbà tí ìyá mi darúgbó, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi, ojú wọn kò ríran mọ́, ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n ti gbàgbé. Wọ́n á kàn ṣàdédé pè mí láti yàrá wọn pé kí n wá. Màá lọ jókòó tì wọ́n.

“Àṣàkẹ́, o wà níbẹ̀. Ṣé èmi ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àbí ìwọ ni wọ́n ń rán sí mi?”

“Ẹ̀yin ni, Ìyá mi. Orúkọ yín ni wọ́n pè.”

Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ àwọn ni. Títí wọ́n fi kú, wọn kò bi mí rí ohun tó tẹ̀lé orúkọ náà.